Àmì Funfun Lábẹ́ Awọ

Ọmọ eku méje ló tún kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n tò wọ́n sórí bébà funfun kan lórí tábìlì nílé eku àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, pupa, láìnírun, ojú dídì, kò sí èyí tó gùn ju oríkèé ìka lọ nínú wọn. Màmá Awòye fa àga kan sún mọ́ wọn, ó rọra jókòó. Àga náà ké rara.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ni Màmá sọ fún àga. "Ta ni ò mọ̀ pé mo sanra?"

Sájẹ́ńtì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé ibi òkú làwọn wà, ó fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ọdún márùndínlógójì ni Màmá Awòye fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ Sájẹ́ńtì yìí níṣẹ́ nígbà tí fìlà ọlọ́pàá ṣì ń bọ́ sí i lójú. Ní báyìí, orúnkún Màmá ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí, ó sì máa ń wá gíláàsì ìkàwé kiri nígbà tó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Awòye, kò tíì fẹ̀yìn tì.

"Màmá," Sájẹ́ńtì rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá mi. Ọmọ ọmọ yín ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Òfin ò gbà kẹ́ ẹ dá sí i."

"Ta ló ń dá sí nǹkan? Mo wá kí ọmọ ọmọ mi níbi iṣẹ́ ni. Ojú mi ló tẹ̀ lé mi wá. Ṣé kí n yọ ọ́ sílé?"

Sájẹ́ńtì mi kanlẹ̀. "Agogo mẹ́wàá ọ̀la ni Ọ̀gá Dókítà máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Tó bá ti fọwọ́ sí i, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Màá mú un lọ ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí pé láti kékeré ló ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Òun ni àkọ́bí àkọ́bí Màmá. Oṣù kan péré ló tíì lò nínú iṣẹ́ yìí: òun ló ń tọ́jú ilé eku fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ó ń fún eku lóúnjẹ, ó ń pààrọ̀ omi, ó ń fọ àgò tí wọ́n ń gbé. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Eléku ló wà nídìí iṣẹ́ náà kó tó dé, bàbá náà sì fẹ̀yìn tì wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gba kọ́kọ́rọ́, kò sí ọmọ eku funfun kan tó rí ọjọ́ kẹrin láyé. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kú. Ní àná, wọ́n rí ìgò oògùn aáyán nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Màmá gbé bébà náà sókè díẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wo àwọn òkú kéékèèké náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awọ wọn fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè rí ìfun nínú. Kò mọ ohun tí òun ń wá, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ ikùn wọn. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Bá mi pe ọmọ náà wá," ló wí.

*

Ojú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wú. Bó ṣe rí ìyá àgbà rẹ̀, ẹkún tún ta sí i.

"Màmá Àgbà, mi ò pa wọ́n o."

"Mo bi ọ́ bóyá o pa wọ́n ni? Nu imú ẹ. Oògùn aáyán ńkọ́?"

"Yàrá mi ni mo rà á fún. Aáyán ti fẹ́ lé mi jáde nílé. Ibi iṣẹ́ ni mo gbà kọjá, ni mo bá tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀."

Màmá na ọwọ́, Sájẹ́ńtì sì gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́ nínú ọ̀rá. Màmá yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé e sí Sájẹ́ńtì nímú.

"Kí lo rí lọ́rùn ìgò yìí?"

"Ike tí wọ́n fi dì í."

"Ṣé ó ti já?"

Sájẹ́ńtì fọwọ́ họrí. "Kò já, Màmá."

"Ìyẹn ni pé oògùn náà gba inú ìgò rékọjá lọ bí iwin, ó pa ọmọ eku mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì padà wọlé wá sùn. Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́ o, má jẹ́ kójú tì mí."

"Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Ọ̀gá Dókítà ní ó lè ní ìgò mìíràn."

Màmá yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀. "Omi táwọn eku funfun ń mu, ibo lo ti ń pọn ọ́n?"

"Ẹ̀rọ kan náà ni fún gbogbo wọn, funfun àti dúdú. Oúnjẹ wọn náà, inú àpò kan náà ni."

"Ọmọ àwọn dúdú ńkọ́?"

"Kò sí èyí tó kú. Wọ́n ń sanra ni."

"Àwọn ìyá funfun fúnra wọn?"

"Ara wọn le koko."

"Májèlé wo ló wá ń wo àwọ̀ ara kó tó pani?" ni Màmá bi ara rẹ̀. "Májèlé tó fo ìyá, tó fo aládùúgbò, àwọn ọmọ funfun nìkan ló wá mú. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ṣé o máa ń gbé àwọn ọmọ náà?"

"Háà, rárá o!" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nàka sí bébà ńlá kan lára ògiri. Ọ̀gá Dókítà ló kọ ọ́: Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọ eku títí di ọjọ́ kọkànlélógún. "Bí mo ṣe rí i ni mo tẹ̀ lé e. Mi ò fi ìka kàn wọ́n rí."

Ẹ̀gbẹ́ òfin náà ni wọ́n lẹ àwòrán Bàbá Eléku mọ́, èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n ń dágbére fún un. Bàbá náà dúró sí àárín àwọn àgò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, eyín iwájú kan kò sí níbẹ̀. Màmá bojú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó máa bínú sí ara rẹ̀ fún ìyẹn.

*

Ẹni tí Màmá kọ́kọ́ fura sí ni Onígíláàsì. Yàrá rẹ̀ ló kángun sí ilé eku. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lòun náà, ó ní kọ́kọ́rọ́, kò sì fi bò pé yàrá eku funfun ló wu òun láti gbà.

"Pàǹtí ni wọ́n ń wádìí," ló sọ láìgbójú sókè. "Ọdún mẹ́fà! Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí jíìnì yẹn ń ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Ẹ dákun, èmi ò kàwé tó yín. Kí là ń pè ní jíìnì?"

Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé wọ́n bi òun. "Ìlànà kékeré ni, Màmá. Inú gbogbo ẹ̀yà ara yín ló wà. Ọ̀kan sọ bí imú yín ṣe máa rí, òmíràn sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa dì. Bàbá àti ìyá yín ló fi lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin náà fi lé ọmọ lọ́wọ́."

"Áà. Ìyẹn ni pé imú ìyá mi yìí, mo lè mú jíìnì lọ sílé ẹjọ́."

Onígíláàsì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n sísín ló jáde. Ó sín, ó tún sín, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó nàka sí Sájẹ́ńtì.

"Ẹ... ẹ ti wọ ilé eku! Ó wà lára aṣọ yín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde! Ọdún kẹrin rèé tí mo ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kẹ́yìn, lọ́jọ́ náà, ọsibítù ni wọ́n gbé mi lọ!"

Wọ́n jáde. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá na ìka kan, ó tún ká a padà.

"Ẹni tí irun eku kan ṣoṣo fẹ́ pa, kò lè rìn yíká àgò ogún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Jẹ́ ká lọ rí Ọ̀gá."

*

Ọ̀gá Dókítà kò fi àyè gbà wọ́n láti jókòó. Obìnrin tí oorun ti sọ̀nù lójú rẹ̀ ni.

"Mo mọ̀ pé ọmọ yín ni, Màmá. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún mẹ́fà mi ló ń kú lórí bébà yẹn. Tí àwọn ìyá funfun wọ̀nyẹn bá darúgbó láìní ọmọ, gbogbo rẹ̀ parí."

"Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó ń kú. Kí lẹ̀ ń wá?"

Obìnrin náà ṣiyèméjì. Lẹ́yìn náà ló yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wọn. Àwọn lẹ́tà ló tò sójú rẹ̀, ìlà lórí ìlà, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín.

"Jíìnì kan ṣoṣo nìyí. Kò lórúkọ. Nọ́ńbà nìkan ló ní, nítorí kò sẹ́ni tó kà á sí. Àwa nínú yàrá yìí ń pè é ní Aláìlórúkọ. Ìlà àkọ́kọ́ yìí, ti eku ni. Èyí, ti màlúù. Èyí, ti àdán tó ń fò lálẹ́. Èyí, ti erin. Èyí, ti àbùùbùtán tó ń gbé inú òkun. Ìsàlẹ̀ yìí, tiwa."

Màmá wá gíláàsì rẹ̀. Sájẹ́ńtì fọwọ́ kàn án lórí rẹ̀ fún un. Ó fa gíláàsì náà wálẹ̀, ó tẹ̀ síwájú.

"Wọ́n jọra."

"Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ló wà láàárín àdán àti àbùùbùtán, Màmá. Nínú gbogbo ọdún yẹn, eyín yí padà, ọwọ́ di ìyẹ́, ẹsẹ̀ di ìrù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àwọn lẹ́tà yìí. Gbogbo ẹranko afọ́mọlọ́mú ló ní in. Mo wò ó lára adìyẹ, kò sí. Mo wò ó lára alángbá àti ẹja, kò sí."

Màmá tún tẹ̀ síwájú. Ó wo ìlà erin, ó wo ìlà ènìyàn. Nǹkan kan rìn án lára, láti ẹ̀yìn ọrùn dé ìdí, bí ìgbà tí ó kọ́kọ́ rí òkun lọ́mọdé.

"Nǹkan téèyàn bá tọ́jú pẹ́ tó yìí," ló sọ wẹ́rẹ́, "kì í ṣe pàǹtí."

"Ohun témi náà sọ nìyẹn! Mo bá yọ ọ́ kúrò lára àwọn eku funfun, kí n lè mọ ohun tó máa bà jẹ́. Kò sí nǹkan kan tó bà jẹ́. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sáré, wọ́n ń lóyún, wọ́n ń bímọ. Ọdún mẹ́fà! Ìgbà tí mo bá sì lọ ka àwọn ọmọ lọ́jọ́ kọkànlélógún, gbogbo wọn á pé, wọ́n á mókun. Títí di oṣù tó kọjá."

"Ọjọ́ kọkànlélógún. Ẹ kì í lọ wò wọ́n ṣáájú ìgbà yẹn?"

"Òfin ni. Kí ọwọ́ wa má bàa da iṣẹ́ rú."

"Òfin dára," ni Màmá wí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ jìnnà.

*

Aṣọ àwọ̀sókè tí wọ́n fún un kó tó lè sún mọ́ àwọn àgò kò dé ìdí rẹ̀. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí ẹnu ọ̀nà, ó ní òun jọ ìrọ̀rí tí wọ́n ki sínú ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná.

Ìyá méjì ló bímọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, dúdú kan, funfun kan. Àgò wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Màmá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ti dúdú. Ó rí àwọn ọmọ tuntun náà tí wọ́n ń yíra mọ́ ara wọn, pupa bíi tàwọn tó wà lórí bébà. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, lápá òsì, nǹkan funfun kan wà lábẹ́ awọ, ó tóbi tó hóró ìrẹsì.

"Kí nìyí?"

"Wàrà ni, Màmá Àgbà. Awọ wọn ṣì fẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá ti mu ọmú yó, ẹ máa rí i nínú ikùn wọn."

Màmá dìde dúró ṣánṣán. Orúnkún rẹ̀ dún, kò tiẹ̀ gbọ́ ọ.

"Àwọn tó kú, wọn ò ní in. Ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń wá ohun tí wọ́n jẹ. Wọn ò jẹ nǹkan kan! Ebi ló pa wọ́n!"

"Ìyá wọn kọ̀ wọ́n ni?" ni Sájẹ́ńtì béèrè.

"Jẹ́ ká bi í."

Ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú àgò funfun, ó sì wò ó fún wákàtí kan gbáko. Sájẹ́ńtì wo aago títí ó fi sú u. Màmá kò mira. Ìyá funfun náà kò ṣe ohun tó yẹ kí ọ̀dájú ìyá ṣe. Ó fi ẹnu kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ó lá wọn. Ó tẹ̀ bò wọ́n, àwọn ọmọ sì dì mọ́ ọmú, wọ́n ń fà á, wọ́n ń fi ọwọ́ kéékèèké tì í. Ọmú náà kún, ó le. Wọ́n fà á, wọ́n fà á. Kò sí funfun kankan tó yọ nínú ikùn wọn.

Lójijì, Màmá gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́," ló sọ fún eku náà. "Mo mọ̀ ọ́, ìyá mi."

Ó yíjú. "Nígbà tí mo bí bàbá ìwọ yìí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmú mi le bí òkúta fún ọjọ́ méjì. Wàrà kún inú rẹ̀ bámúbámú, kò sì sọ̀. Ọmọ ń ké, èmi ń ké, mo ké ju ọmọ lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ò mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ rẹ̀. Wàrà téèyàn ní lọ́tọ̀, wàrà tó jáde lọ́tọ̀. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ tì í láti inú. Ohun tí ń tì í yẹn, eku yìí ò ní in."

Sájẹ́ńtì fi aago sílẹ̀, ó sún mọ́ àgò náà.

"Aláìlórúkọ," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ.

"Ó dáa, Màmá," ni Sájẹ́ńtì wí, "ṣùgbọ́n Ọ̀gá Dókítà máa bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ ò sì ní rí i dáhùn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti yọ jíìnì náà. Ọdún mẹ́fà làwọn ọmọ fi yè. Ta ló ń fún wọn lọ́mú?"

Màmá mi orí. Òótọ́ ni. Ohun tó ń pani lónìí, báwo ló ṣe dá ẹni sí lánàá? Eku ò yí padà. Omi ò yí padà. Kí ló yí padà lóṣù tó kọjá?

Ó rọra yíjú sí ògiri. Ó lọ dúró síwájú àwòrán Bàbá Eléku, ó bọ́ gíláàsì, ó fi ṣe awò asọǹkandi-ńlá. Kì í ṣe ojú bàbá náà ló ń wò. Abẹ́ apá rẹ̀ ni, níbi tí àgò kan ti yọ sẹ́yìn. Ìyá eku kan sùn níbẹ̀, ó dúdú bí èédú. Àwọn ọmọ mẹ́fà tó ti ń hurun rọ̀ mọ́ ọmú rẹ̀.

"Sájẹ́ńtì, wá. Àwọ̀ wo làwọn ọmọ yìí?"

"Funfun."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyá dúdú inú ilé yìí ha ń bí funfun?"

"Láéláé."

Màmá gbá orí ara rẹ̀. "Àgbàlagbà ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́! Iwájú ẹ̀ ni mo dúró sí láàárọ̀, eyín bàbá yìí ni mò ń kà!"

*

Bàbá Eléku ń gbin ewéko sínú ìkòkò òdòdó níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ó rí aṣọ ọlọ́pàá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni Màmá wí. "Ẹ má bẹ̀rù. Èmi ni ìyá àgbà ọmọ tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín."

"Ara ọmọ náà le?"

"Wọ́n fẹ́ tì í mọ́lé lọ́la. Wọ́n ní ó ń pa ọmọ eku."

Bàbá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn funfun bímọ, mo gbọ́ igbe àwọn ọmọ náà. Ohùn wọn kéré, ẹni tí kò bá tí ì bá eku gbé kò lè gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀dá méjì kú níbẹ̀. Mi ò lè wò ó. Mo mú àwọn tó kù, mo fi òwú ìtẹ́ ìyá dúdú ra wọ́n lára kó má bàa gbọ́ òórùn àjèjì, mo kó wọn sí i lábẹ́. Ó gbà wọ́n. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ ogún, tí wọ́n bá ti ń fi eyín jẹun, màá kó wọn padà sọ́dọ̀ ìyá wọn, kí Ọ̀gá tó wá kà wọ́n."

"Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan."

"Òfin wà lára ògiri, Màmá. Àgbàlagbà tí kò kàwé lèmi. Tí wọ́n bá lé mi, ta ló tún máa gbà mí síṣẹ́? Àánú wọn ló ṣe mí."

"Àánú yín ò burú," ni Màmá fohùn tútù wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbé e pamọ́. Ọdún mẹ́fà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá ohun tó bà jẹ́, ẹ̀yin sì ń tún un ṣe kí wọ́n tó dé. Ẹ̀yin ń pa ẹnu mọ́, ọmọ mi ló fẹ́ wọ túbú. Ṣé ẹ máa wá?"

Bàbá náà wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀. "Wọ́n á bà mí lórúkọ jẹ́."

"Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ó dìde, ó gbọn ọwọ́. "Agogo mélòó?"

*

Ọ̀gá Dókítà kò gbà á gbọ́ nígbà tí Màmá ròyìn fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ìtàn lásán ni, àwòrán lásán, bàbá arúgbó tó fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ là. Màmá kò jiyàn.

"Ìyá méjì ló bímọ láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ọmọ wọn. Ọmọ funfun sọ́dọ̀ dúdú, ọmọ dúdú sọ́dọ̀ funfun. Ká wò wọ́n láàárọ̀ ọ̀la kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Tí àwọn ọmọ funfun bá kú lábẹ́ dúdú, ara wọn ló ní àrùn, tàbí ọmọ mi ni. Ẹ máa mú un lọ, màá bá yín ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀."

"Òfin mi ò gbà á."

"Òfin yín ti sin mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Obìnrin náà wò ó, ojú sí ojú. Lẹ́yìn náà, ó bọ ìbọ̀wọ́.

*

Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni gbogbo wọn pé sílé eku. Bàbá Eléku dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wọ kóòtù, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ tán dé ọrùn bí ẹni tó wá gba ìdájọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mú.

Àgò funfun ni Ọ̀gá Dókítà kọ́kọ́ ṣí. Àwọn ọmọ dúdú tí wọ́n yó lánàá wà níbẹ̀, wọ́n ń mí, wọ́n ń wá ọmú kiri. Ikùn wọn ti pẹlẹbẹ. Àmì funfun ti parẹ́. Láìsí ẹni tó sọ fún un, Bàbá Eléku na ọwọ́, ó fi òwú ìtẹ́ rọra ra wọ́n lára, ó kó wọn padà fún ìyá tó bí wọn.

Ó ku àwọn ọmọ funfun tó sùn sábẹ́ ìyá dúdú mọ́jú. Ọ̀gá Dókítà gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ náà, ikùn rẹ̀ kún fún wàrà, ó ń tàn bí òṣùpá kékeré tí wọ́n gbé mì.

Ọ̀gá Dókítà gbé ìkejì, ó gbé ìkẹta. Gbogbo wọn ló tàn. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìbọ̀wọ́.

"Aláìlórúkọ ní ẹ̀gbọ́n kan," ló sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo ti rí i láti ọdún kìíní, mi ò kà á sí. Adìyẹ kò ní Aláìlórúkọ, ṣùgbọ́n ó ní jíìnì kan tó jọ ọ́. Àwa náà ní ẹ̀gbọ́n yẹn. Lára adìyẹ, inú ọ̀nà ẹyin ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń mú kí iṣan fún ẹyin jáde. Ìgbà kan wà láyé àtijọ́, kí àdán tó yà kúrò lára erin, tí ara ìyá kan ṣèèṣì ṣe ẹ̀dà ìlànà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan dúró sídìí iṣẹ́ àtijọ́. Ìkejì kò níṣẹ́, ó ń rìn kiri..."

"Ó wá rí ọmú," ni Màmá wí.

"Ó wá rí ọmú. Ohun tó ń ti ẹyin jáde di ohun tó ń ti wàrà jáde. Ẹranko onírun kan ṣì wà láyé tó ń yé ẹyin, tí wàrà sì ń là jáde lára rẹ̀ bí òógùn, kò lórí ọmú. Òun náà ní méjèèjì. Mo wo ìlà rẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò mọ ohun tí mò ń wò."

Màmá Awòye tún gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ro gbogbo ẹnu tó ti fa ọmú láyé, nínú òkun, nínú ihò àpáta, lórí ibùsùn ọsibítù, gbogbo wọn ń gbá ilẹ̀kùn kan náà, ẹni kan náà sì ń ṣí i fún wọn. Ẹni tí kò tiẹ̀ lórúkọ.

"Màmá, kí lẹ̀ ń wò?" ni Sájẹ́ńtì wí. "Ara yín le?"

"Fi mí sílẹ̀. Mo ń wo nǹkan tó jù mí lọ."

Ọ̀gá Dókítà fa ìwé ẹ̀sùn yọ, ó ya á sí méjì, ó ya á sí mẹ́rin. Ó yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ìwọ nìkan lo ṣe ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe. Mo sì fẹ́ tì ọ́ mọ́lé nítorí ẹ̀. Má bínú." Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ńlá ilé eku, ó mú un tọ Bàbá Eléku lọ. Bàbá náà sún sẹ́yìn.

"Mi ò ní lé yín, Bàbá. Ẹ ti fẹ̀yìn tì, ta ni mo máa lé? Gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ kó lọ sábẹ́ dúdú, ẹ sọ ọ́, kí ọmọ yìí máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwádìí tí mo rò pé mò ń ṣe, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Orúkọ yín máa wà lórí rẹ̀."

Màmá wá àga láti jókòó. Àga àná ló bá. Ó jókòó, àga náà ké rara.

"Ké dáadáa," ni Màmá sọ fún un. "Lónìí, ẹ̀tọ́ ẹ ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dúró níwájú ògiri pẹ̀lú bíírò. Kò yọ òfin náà. Ó kọ ìlà kan péré sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òun fúnra rẹ̀: Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, ẹ wo ikùn wọn.